Nọ́ọ̀sì Bárékè, Nọ́ọ̀sì Ọgbà Ẹ̀wọ̀n, Nọ́ọ̀sì Ilé Ìwòsàn: Kí Ló Yàtọ̀ Nínú Iṣẹ́ Wọn?

Ilé ìwòsàn ọpọlọ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Àrò kò bẹ̀rẹ̀ ní Àrò. Lántòrò, ní Abẹ́òkúta, ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1944, nínú ilé tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbá tẹ́lẹ̀ rí. Àwọn ṣọ́jà tí ọpọlọ wọn dàrú nígbà ogun Hítílà, tí wọ́n ń dá padà sílé, ni wọ́n torí wọn gba ilé náà. Ẹ wò ó dáadáa: ilé ẹ̀wọ̀n ni ilé ọ̀hún, ọmọ ogun ni aláìsàn tó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀, nígbà tó sì yá, ará ìlú ló kún un. Ẹni tó bá ṣe nọ́ọ̀sì ní Lántòrò láyé ìgbà náà ti fọwọ́ kan ibi mẹ́ta tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé wọn kò lè pàdé.

Mo fi èyí ṣáájú nítorí àríyànjiyàn kan tó máa ń wáyé nílùú wa. Abẹ́òkúta kún fún nọ́ọ̀sì. Síbẹ̀, bí wọ́n bá ní ìyá kan ti ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní bárékè, tó tún ṣe é lọ́gbà ẹ̀wọ̀n, tó ṣe é nílé ìwòsàn ìjọba, tó wá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì báyìí, àwọn èèyàn kì í mọ ibi tí wọn yóò to irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí. Àwọn kan á ní ṣọ́jà ni, kì í ṣe nọ́ọ̀sì gidi. Àwọn kan á ní wọ́dà ni. Àwọn mìíràn á ní bí iṣẹ́ bá dá a lójú ni, kí ló ń wá kiri láti ibì kan dé ibòmíràn? Ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí, nítorí pé irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa máa wá kiri. Ohun tó ń yí padà láti bárékè dé ọgbà ẹ̀wọ̀n dé ilé ìwòsàn kì í ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ẹni tó ń pàṣẹ fún nọ́ọ̀sì ló ń yí padà, àti ojú tí aláṣẹ náà fi ń wo aláìsàn. Nọ́ọ̀sì tó ti la mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọjá ló mọ ibi tí àṣẹ ọ̀gá pin sí àti ibi tí ẹ̀tọ́ aláìsàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ìwé àṣẹ kan náà ni

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Nàìjíríà, èyí tí òfin ọdún 1979 gbé kalẹ̀, ló ń ṣètò ìdánwò, òun ló ń forúkọ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, òun náà ló ń fún un ní ìwé àṣẹ. Kò sí ìwé àṣẹ kan fún bárékè àti òmíràn fún ẹ̀wọ̀n. Ẹni tó kàwé lọ́dọ̀ àwọn Kátólíìkì ní Lántòrò, ẹni tó kà á ní yunifásítì, ẹni tó kà á lábẹ́ iléeṣẹ́ ológun, iwájú ìgbìmọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń lọ. Ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń tún ìwé àṣẹ náà ṣe, ẹni tó bá sì fẹ́ tún un ṣe ní láti kọ́kọ́ lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ìgbìmọ̀ là sílẹ̀ fún àwọn tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìràwọ̀ tó wà léjìká ọ́físà kò yọ ọ́ kúrò nínú èyí.

Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tó wọ aṣọ ìjọba, ọ̀gá méjì ló ní. Iléeṣẹ́ tó gbà á síṣẹ́ lè fìyà jẹ ẹ́ lábẹ́ òfin tiwọn. Ìgbìmọ̀ náà sì lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá ṣe ohun tí kò tọ́ sí aláìsàn. Bí ọ̀gá bá ní kó ṣe ohun tí ìgbìmọ̀ kà léèwọ̀, kò lè sọ lọ́la pé wọ́n rán òun ni. Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ náà ti le.

Ní bárékè

Alamala ni bárékè tí ará Abẹ́òkúta mọ̀ jù, níbi tí 35 Artillery Brigade wà. Ẹni tó bá rò pé ọgbẹ́ ìbọn ni nọ́ọ̀sì bárékè ń dì láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú kò mọ bí bárékè ṣe rí. Àdúgbò ni. Ìyàwó wà níbẹ̀, ọmọ wà níbẹ̀, aboyún wà níbẹ̀, àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú wà níbẹ̀. Ibà tó ń ṣe ọmọ Láfẹnwá náà ló ń ṣe ọmọ ṣọ́jà. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá tí àwọn ológun ní, bí 68 Nigerian Army Reference Hospital ní Yábàá àti 44 tó wà ní Kàdúná, ará ìlú lásán náà ń gba ìtọ́jú níbẹ̀.

Ọ̀nà tí nọ́ọ̀sì ń gbà wọlé kò dọ́gba. Ẹni tó ní dìgírì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lè gba ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Direct Short Service wọlé, kó sì di ọ́físà lẹ́yìn tó bá ti parí ẹ̀kọ́ ológun. Ẹni tó ní ìwé ẹ̀rí nọ́ọ̀sì tí kò ní dìgírì sábà máa ń wọlé láti ìsàlẹ̀, gẹ́gẹ́ bíi ṣọ́jà. Àwọn méjèèjì lè wà nínú wọ́ọ̀dù kan náà, kí èyí tó ti pẹ́ jù nídìí iṣẹ́ ìtọ́jú máa sàlúútù fún èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Kò tán síbẹ̀. Aláìsàn náà ní ipò. Kọ́nẹ́ẹ̀lì ló dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì, Lẹ́fútẹ́nántì ni nọ́ọ̀sì tó mú oògùn dání. Lóde, ọ̀rọ̀ ẹnu Kọ́nẹ́ẹ̀lì ni abẹ gé. Nínú wọ́ọ̀dù, nọ́ọ̀sì ló mọ ìgbà tí wọn yóò mú oògùn, òun ló sì mọ̀ bóyá aláìsàn lè dìde tàbí kò lè dìde. Ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láì yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ kò tíì lè dìde” ni yóò sọ, Kọ́nẹ́ẹ̀lì náà yóò sì jókòó. Kì í ṣe ìwà àfojúdi. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ní ọ̀nà àṣẹ tirẹ̀ nínú iléeṣẹ́ ológun, àwọn oníṣègùn ló sì wà lókè ọ̀nà náà. Àpẹẹrẹ tó gba iwájú ni ti Aderonke Kale. Dókítà ọpọlọ ni, kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n òun ló darí ẹ̀ka ìṣègùn àwọn ọmọ ogun orílẹ̀ wa, òun sì ni obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò Major General ní Nàìjíríà.

Àwọn òbí máa ń béèrè bóyá ọmọ wọn yóò gbé ìbọn. Yóò kọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín, torí ẹ̀kọ́ ológun ni ẹ̀kọ́ ológun. Ṣùgbọ́n àdéhùn Geneva ti ọdún 1949, èyí tí orílẹ̀-èdè wa wà nínú rẹ̀, ti sọ ohun tí òṣìṣẹ́ ìlera lè fi ìbọn ṣe lójú ogun: kó fi gba ara rẹ̀ àti àwọn aláìsàn rẹ̀ lọ́wọ́ ewu, kò gbọ́dọ̀ fi kọlu ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń jagun kò gbọ́dọ̀ dojú ìjà kọ òun náà. Bí ọ̀tá bá mú un, wọn kò gbọ́dọ̀ kà á mọ́ àwọn òǹdè ogun. Kìkì bí àwọn tí wọ́n jọ mú bá ń fẹ́ ìtọ́jú ni wọ́n fi lè dá a dúró. Àdéhùn yẹn kan náà ló sọ pé ọ̀tá tó fara gbọgbẹ́ gbọ́dọ̀ rí ìtọ́jú bí ọmọ ilé ṣe ń rí i. Ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ le jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ dá lóhùn, aṣọ ogun yòówù kó wọ̀.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ń kọ́ lójú ogun tó ṣòro láti gbọ́. Nílé ìwòsàn ní ọjọ́ tí ara tu gbogbo èèyàn, ẹni tó sún mọ́ ikú jù ni gbogbo ọwọ́ ń dà bò. Ṣùgbọ́n bí ogójì èèyàn bá dé lẹ́ẹ̀kan náà, tí nọ́ọ̀sì jẹ́ mẹ́ta, ẹni tí ìtọ́jú kíákíá lè dá padà sáyé ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbé. Ẹni tí kò sí ohun tí ọwọ́ mẹ́ta náà lè ṣe fún, oògùn ìrora ni wọn yóò fún un, ẹnì kan yóò sì jókòó tì í. Ẹni tó ń sunkún kíkankíkan lè dúró díẹ̀, torí ẹni tó lè ké ṣì ń mí. Ẹni tó dákẹ́ ni kí wọ́n sáré lọ wò. Nígbà tí ọkọ̀ elépo àti bọ́ọ̀sì bá kọlu ara wọn lójú ọ̀nà Ṣàgámù, tí wọ́n ń kó àwọn èèyàn wọ ilé ìwòsàn lọ́kan lọ́kan, ìmọ̀ yìí gan-an ni wọ́n ń lò. Nọ́ọ̀sì tó ti kọ́ ọ ní bárékè kì í dàmú.

Lọ́gbà ẹ̀wọ̀n

Abẹ́òkúta ní méjì: ti Ìbàrà láàárín ìlú, àti ti Ọba lẹ́yìn ìlú. Láti ọdún 2019 ni òfin ti yí orúkọ iléeṣẹ́ náà padà láti ti ẹ̀wọ̀n sí ti àtúnṣe ìwà, tó sì fi ìjìyà tí kì í ṣe àtìmọ́lé kún un, bíi kí èèyàn máa ṣiṣẹ́ fún ìlú. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lè jẹ́ òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà gan-an, tí àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gba àwọn òṣìṣẹ́ ààbò aráàlú, ọgbà ẹ̀wọ̀n, panápaná àti aṣọ́bodè ti gbà wọlé. Aṣọ kan náà ni òun àti wọ́dà ń wọ̀, ipò wọn sì ń jọ gòkè ni.

Iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tuntun tó bá dé, wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá. Ṣé ikọ́ ń ṣe é? Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó? Ṣé ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti àtọ̀gbẹ nílé? Ṣé kòkòrò HIV wà lára rẹ̀, tí kò sì gbọ́dọ̀ pa oògùn rẹ̀ jẹ fún ọjọ́ kan? Ṣé oògùn olóró ló ń mu tẹ́lẹ̀, tí ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lóru òní nítorí pé kò rí i mọ́? Ṣé ojú ọgbẹ́ wà lára rẹ̀, ta ló sì ṣe é? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ṣe pàtàkì gan-an. Ohun tí nọ́ọ̀sì bá kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo pé wọ́n lu èèyàn kó tó dé ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó bá fi í sílẹ̀ láìkọ ti kó ẹ̀rí náà dànù.

Àwọn tí ilé ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́bi ló pọ̀ jù nínú àwọn tó wà ní àtìmọ́lé ní Nàìjíríà. Èyí ni mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí pé kí ló dé tí a ń fi oògùn ìjọba ṣòfò lórí olè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, kò tíì sí ẹni tó sọ pé olè ni wọ́n. Àní ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi, òmìnira rẹ̀ ni adájọ́ gbà. Adájọ́ kò dá a lẹ́jọ́ ikọ́ ife. Ikọ́ ife náà kì í sì í dúró sínú ọgbà. Wọ́dà tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n yóò gbé e lọ sílé lálẹ́, ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ yóò gbé e wọ ọkọ̀ lọ sí Kútọ̀, lọ sí Pánṣẹ́kẹ́. Bí ara bá ń yún ẹnì kan nínú yàrá tí èèyàn kún fọ́fọ́, kò pẹ́ tí gbogbo yàrá náà fi ń họ ara. Òfin 2019 fún ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n ní ìpínlẹ̀ lágbára láti kọ ẹni tuntun bí ọgbà bá ti kún dé ẹnu, èyí sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìlera bó ṣe jẹ́ ọ̀rọ̀ òfin.

Ọdún 2015 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tẹ́wọ́ gba àwọn ìlànà lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n máa ṣe sí ẹlẹ́wọ̀n, tí wọ́n fi orúkọ Nelson Mandela pè. Ó yẹ kí gbogbo nọ́ọ̀sì mọ̀ wọ́n. Wọ́n ní ìtọ́jú tí ẹlẹ́wọ̀n ń rí kò gbọ́dọ̀ kéré sí èyí tí ará ìta ń rí, kò sì gbọ́dọ̀ sanwó fún un. Wọ́n ní ohun tí oníṣègùn bá pinnu lórí ìtọ́jú, ọ̀gá ẹ̀wọ̀n tí kì í ṣe oníṣègùn kò gbọ́dọ̀ yí i padà. Wọ́n ní òṣìṣẹ́ ìlera kò gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ nínú ìjìyà tí wọ́n ń fún ẹlẹ́wọ̀n tó ṣẹ̀ nínú ọgbà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó lọ wo ẹni tí wọ́n tì mọ́ yàrá òun nìkan lójoojúmọ́, kó sì kígbe síta bí ara ẹni náà bá ti ń yingin. Wọ́n ní bó bá ṣeé ṣe, kí aboyún lọ bímọ nílé ìwòsàn tó wà níta, àti pé bí ó bá bí i sínú ọgbà, ìwé ìbí ọmọ náà kò gbọ́dọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀. Àwọn tó kọ ọ́ rò nípa ọmọ kan tí yóò mú ìwé ìbí rẹ̀ lọ síléèwé lọ́dún mẹ́fà sí i.

Fún nọ́ọ̀sì ọgbà ẹ̀wọ̀n, ibi tí ìṣòro wà kì í ṣe pé kò mọ ìlànà. Ìṣòro náà ni pé aláìsàn rẹ̀ kò lè yan nọ́ọ̀sì mìíràn. Níta, bí inú yín kò bá dùn sí bí wọ́n ṣe dá yín lóhùn ní ibì kan, ẹ lè lọ sí ibòmíràn. Ẹlẹ́wọ̀n kò ní ibòmíràn. Ó sì ń wo aṣọ tó wà lára nọ́ọ̀sì, aṣọ kan náà tí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ń wọ̀. Kí ló máa mú un sọ fún ẹni tó wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ pé òun ní àrùn kan lójú ara? Kí ló máa mú un sọ pé òun ń ronú láti pa ara òun? Ìgbà tó bá rí i pé ohun tó sọ lánàá kò dé etí ẹnikẹ́ni ni yóò tó sọ òmíràn. Ìdí nìyẹn tí nọ́ọ̀sì tó mọ iṣẹ́ fi máa ń bẹ wọ́dà pé kó dúró sí ibi tí ojú rẹ̀ yóò ti tó aláìsàn, tí etí rẹ̀ kò sì ní tó ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ààbò wà níbẹ̀, àṣírí náà sì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọpọlọ tún wà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, tí kò sì ṣẹ ẹnikẹ́ni, lè bá ara rẹ̀ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n nítorí pé kò sí ibòmíràn tí wọ́n máa gbé e sí. Òfin àtijọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà ti wà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn, oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni ààrẹ tó buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun tó rọ́pò rẹ̀. Abẹ́òkúta ti fi ọ̀nà mìíràn hàn tipẹ́. Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, gba àkóso Àrò ní àwọn ọdún 1950, ó sì ṣètò kí àwọn aláìsàn máa gbé nínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, kí ẹbí wọn wà pẹ̀lú wọn, kí wọ́n máa wá gba oògùn, kí wọ́n sì padà sílé. Láti inú ọgbà ẹ̀wọ̀n Lántòrò dé inú abúlé tí kò ní ògiri, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá péré ló wà láàárín rẹ̀. Títí di òní, àwọn nọ́ọ̀sì ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ọpọlọ ní Àrò lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gba ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́. Nọ́ọ̀sì ọgbà ẹ̀wọ̀n tó bá ní ẹ̀kọ́ yìí, wúrà ni.

Nílé ìwòsàn

Èyí ni gbogbo wa mọ̀, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Sacred Heart ní Lántòrò ti wà láti ọdún 1895, ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ wà ní Ìjàyè, ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdí-Àbà. Ohun tó máa ń ya ẹni tó ti bárékè tàbí ọgbà ẹ̀wọ̀n dé lẹ́nu níbẹ̀ ni pé aláìsàn lè kọ̀. Ó lè dìde lọ sílé. Ìyá ọkọ rẹ̀ lè ní àgbo ló máa mu. Owó lè tán lọ́wọ́ ẹbí láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó ti mọ́ lára láti pàṣẹ gbọ́dọ̀ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀bẹ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n aláìsàn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí wọ́n tó bá aláìsàn fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìbéèrè owó kò ṣe é fò. Ìwé owó oṣù mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìjọba àpapọ̀ ń lò fún ibi mẹ́ta yìí: ti ológun wà lọ́tọ̀, ti àwọn òṣìṣẹ́ aláṣọ bíi ti ọgbà ẹ̀wọ̀n wà lọ́tọ̀, ti òṣìṣẹ́ ìlera, tí wọ́n ń pè ní CONHESS, wà lọ́tọ̀. Owó ìfẹ̀yìntì náà kì í ṣe ọ̀kan. Ọdún 2011 ni wọ́n yọ àwọn ológun kúrò nínú ètò àjọdá, ìyẹn owó ìfẹ̀yìntì tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba jọ ń dá, Military Pensions Board ló ń san tiwọn. Òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n àti ti ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ṣì wà nínú àjọdá, níbi tí òṣìṣẹ́ ti ń dá ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, tí ìjọba ń dá mẹ́wàá. Àpò àjọdá náà ń bá èèyàn lọ láti iṣẹ́ kan sí òmíràn. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ti bárékè bọ́ sí ilé ìwòsàn, kó ṣírò ọdún rẹ̀ kó tó fi ìwé sílẹ̀, kó sì gba ìwé ìdásílẹ̀ tó pé. Ẹni tó bá sì ti jẹ́ kí ìwé àṣẹ nọ́ọ̀sì rẹ̀ kú nígbà tó ń ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì ní bárékè gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jí i dìde lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀.

Ta wá ni olùkọ́ nọ́ọ̀sì?

Àwọn èèyàn rò pé nọ́ọ̀sì tó bá ti dàgbà, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé ṣíìfù òru mọ́, ni wọ́n ń sọ di olùkọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Olùkọ́ nọ́ọ̀sì jẹ́ nọ́ọ̀sì tó tún lọ kọ́ iṣẹ́ ìkọ́ni, tí ìgbìmọ̀ sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ẹni tó ń tọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sọ́nà ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì aláìsàn tún wà, iṣẹ́ tirẹ̀ kò kéré. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ṣètò ẹ̀kọ́, tó ń ṣe ìdánwò, tó ń pinnu bóyá ọmọ yìí ti tó fi aláìsàn lé lọ́wọ́, ẹrù tirẹ̀ wúwo. Bó bá ṣe àṣìṣe, aláìsàn tí kò mọ̀ rí ló máa jẹ gbèsè rẹ̀.

Láti ọ̀dọ̀ àwọn ológun gan-an ni ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ayé òde òní ti wá. Florence Nightingale tọ́jú àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì nígbà ogun Crimea, láti ọdún 1854, ó rí i pé ìdọ̀tí àti àìsí ètò ń pa wọ́n ju ọta ìbọn lọ, ọdún 1860 sì ni ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣí ní St Thomas' ní Lọ́ńdọ̀nù. Ilé ẹ̀kọ́ yẹn kan náà ni Kofoworola Abeni Pratt ti kàwé. Olùkọ́ ni Pratt ní Èkó kó tó di nọ́ọ̀sì. Ó padà wálé, ó di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ́ọ̀nù àgbà ní UCH Ìbàdàn, ó sì wà lára àwọn tó jẹ́ kí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wọ Yunifásítì Ìbàdàn ní ọdún 1965.

Kí wá ni ẹni tó ti la ibi mẹ́ta kọjá lè kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹlòmíràn kò lè kọ́ ọ? Ẹ jẹ́ kí n mú ohun kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ kan, wọn yóò gbé ẹlẹ́wọ̀n kan wá sí wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn ìlú, ṣẹ́kẹ́ṣẹ̀kẹ̀ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́dà á jókòó tì í. Gbogbo wọ́ọ̀dù yóò dákẹ́. Àwọn aláìsàn tó wà nítòsí yóò fa àpò wọn mọ́ra. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ogún ọdún tó yẹ kó wọn ìfúnpá rẹ̀ yóò dúró lókèèrè, ẹ̀rù á máa bà á. Ìwé kíkà nìkan kò lè mú un rìn dé ibẹ̀.

Olùkọ́ tó ti ṣiṣẹ́ lọ́gbà ẹ̀wọ̀n yóò sọ fún un pé kó kí aláìsàn náà, kó sì béèrè orúkọ rẹ̀ bó ṣe ń ṣe fún gbogbo ènìyàn. Àgbàlagbà ni, ẹ ni kó máa pè é, kì í ṣe ìwọ. Kò gbọ́dọ̀ béèrè ohun tó ṣe tí wọ́n fi mú un. Kò wúlò fún ìtọ́jú rẹ̀, ó sì lè yí ọwọ́ nọ́ọ̀sì padà láìmọ̀. Kó wo ibi tí ṣẹ́kẹ́ṣẹ̀kẹ̀ náà ti ń há ọrùn ọwọ́, bóyá ẹ̀jẹ̀ ń lọ dé ìka. Bó bá ń dí ìtọ́jú lọ́wọ́, nọ́ọ̀sì àgbà ni yóò bá wọ́dà sọ ọ́, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́. Bí obìnrin tó ń rọbí bá ni, àwọn ìlànà ọdún 2015 wọ̀nyẹn ti là á mọ́lẹ̀ pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀wọ̀n dè é nígbà tó ń rọbí, nígbà tó ń bímọ, àti kété lẹ́yìn tó bá bímọ tán.

Èyí tó ti bárékè wá yóò fi tirẹ̀ kún un: bí wọ́dà bá ń pàṣẹ ohun tó jẹ mọ́ ìtọ́jú, kí akẹ́kọ̀ọ́ má bá a jà, kó má sì ṣe ohun tó wí. Kó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n pe ẹni tó wà lórí iṣẹ́.” Ọ̀nà àṣẹ ni wọ́n ń pè é ní bárékè, ó sì ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ẹni tó ń pariwo.

Nínú ìwé àkọsílẹ̀ aláìsàn, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìfúnpá, ìgbóná ara, oògùn tó fún un, ohun tí aláìsàn sọ pé ó ń dun òun, àti gbogbo ojú ọgbẹ́ tó rí àti ibi tó wà lára. Orúkọ ẹ̀sùn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Bí wọ́dà bá béèrè fáìlì náà kó kà á, ọ̀dọ̀ dókítà tàbí nọ́ọ̀sì àgbà tó wà lórí iṣẹ́ ni kó ní kí wọ́n lọ, kó sì gbé fáìlì náà padà sí ibi tó ti mú un.